Ohun Tí Àǹtí Télọ̀ Kì Sínú Ẹran

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín tó lẹ́nu jù ní gbogbo àdúgbò ló ń kí yín o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, àmọ́ ó rẹ̀ mí, Màámi. Ó rẹ̀ mí débi pé àwàdà gan-an ti ń wúwo lẹ́nu mi.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní láàbù yìí. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé igbákejì dókítà ni mí. Ẹ má dá mi lóhùn. Ìgò ni mò ń fọ̀, èmi náà ni mo sì ń pààrọ̀ omi oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ ara ajá tó ṣì wà láàyè, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Inú ìgò pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ara ajá. Inú wọn la ti ń sin kòkòrò tí eégbọn ń gbé sára ajá. Ọ̀lẹ kòkòrò ni. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ títí, kò ní dàgbà, àfi kó rí sẹ́ẹ̀lì alààyè tó máa wọnú ẹ̀ lọ jókòó. Bíi bùọ̀dá mi tó kọ̀ tí ò kúrò nílé yín náà ló rí.

Ibi tó le ni pé a ò gbọdọ̀ fi oògùn apakòkòrò sínú ìgò yẹn. Àwọn láàbù míì máa ń fi sí i kí ìdọ̀tí má bàa ba nǹkan jẹ́. Tá a bá fi sí tiwa, kòkòrò tá à ń sìn ló máa kọ́kọ́ kú. Torí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ lórí ìgò tó ṣí sílẹ̀. Èmi! Ọ̀gá mi, obìnrin tí mò ń pè ní Ìyá Onígò lẹ́yìn ẹ̀, wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹnu ẹ yìí máa pa wá lẹ́kún. Pa á dé." Látìgbà náà, tí mo bá ti jókòó sídìí iṣẹ́, odi ni mí. Bí omi ìgò kan bá wá ṣèèṣì dà bí omi ìfọṣọ, ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, a máa dà á nù, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, Màámi.

Ẹ̀jẹ̀ Gbéborùn, ajá yín, ló wà nínú díẹ̀ lára àwọn ìgò yẹn. Ẹ rántí pé nígbà tí mo wálé, tí mo bá a tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú, dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, mo sì gbé e wá síbí nínú fúláàsì oníyìnyín. Mi ò tíì sinmi tán tí ẹ fi pè mí pé ó ti kú. Ẹ ní ẹ fojú yín rí Àǹtí Télọ̀, ayálégbé yín, tó ń ki nǹkan bọ inú ẹran, tó sì jù ú fún un. Ẹ ní májèlé ni, torí Gbéborùn fa aṣọ oníbàárà ẹ̀ ya. Ẹ ní kó kẹ́rù ẹ̀ jáde tí oṣù yìí bá parí. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun látìgbà tí mi ò tíì mọ ṣòkòtò wọ̀! Mo bi yín pé kí ló sọ. Ẹ ní kò fọhùn, ó kàn tẹrí ba, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dá yín lójú.

Mo wá fọ́nnu fún yín pé ẹ fi sílẹ̀ fún mi, tó bá jẹ́ eégbọn ló pa á, kòkòrò á jáde kíá. Kòkòrò kọ̀, kò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ajá míì tá a gbà lẹ́yìn tiẹ̀ ti so wọ̀ǹtìwọnti, ti Gbéborùn ò mira. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Onígò bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, á mirí. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan ti fún ajá yìí lóògùn kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni? Ó jọ pé nǹkan ti la kòkòrò inú ẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ kò tíì kú." Mo ní, "Rárá o, májèlé nìkan." Ó ní, "Májèlé bíi ti báwo? Lọ bi ẹni tó fún un."

Mo pe Àǹtí Télọ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní nígbà tóun rẹ́jẹ̀ nímú ajá, àánú ẹ̀ ṣe òun. Kápúsù tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n fún òun nígbà tí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ òun kẹ̀ lòun ti ń kì sínú ẹran fún un kí n tó wálé, títí tó fi tán. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Màámi? Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fún un, ó kú. Ṣé mo wá fẹ́ ní èmi kọ́ ni mo pa á ni?"

Nígbà tí mo jíṣẹ́, Ìyá Onígò ní ká má da ìgò Gbéborùn nù. Ó ní irú oògùn yẹn náà ni wọ́n fi ń wo àìsàn eégbọn, pé èyí tó jẹ ò tó láti wò ó sàn, ó kàn fa kòkòrò sẹ́yìn ni. A dúró, a tún dúró. Ó sú mi, mi ò ní parọ́. Láàárọ̀ yìí ló pè mí sídìí awò pé, "Wá wò ó, ẹlẹ́nu." Mo rí wọn nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ṣù mọ́ra bí ẹyin ẹja. Mi ò fò, mi ò pariwo. Mo kàn jókòó sílẹ̀.

Eégbọn ló pa Gbéborùn, Màámi. Ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ kí ẹran yẹn tó dẹ́nu ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó pa á, òun nìkan ló gbìyànjú láti wò ó. Èmi tí mo wà níbẹ̀, fọ́tò ni mò ń bá a yà.

Mo gbé fóònù pé kí n sọ fún Àǹtí Télọ̀, mo tún gbé e sílẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, á ní ìṣe mi ni mò ń ṣe, pé mo kàn fẹ́ kóun ṣíwọ́ ẹkún. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi? Àmọ́ tó bá tẹnu yín jáde pé òun kọ́ ló pa á, á gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó tó tú ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹsẹ̀ yín má yẹ̀, kí ẹni tẹ́ ẹ máa bá rẹ́rìn-ín má wọ́n yín nílé láé.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín,
Ẹnu-ò-sinmi.

Mo gbàgbé: ẹ yẹ ọmọ ajá tó kù sílé yín lẹ́yìn Gbéborùn wò dáadáa, abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ má fèékánná tẹ eégbọn o, ẹ fi nǹkan yọ ọ́. Tẹ́ ò bá rí ajá náà nítòsí, ẹnu ọ̀nà Àǹtí Télọ̀ ló ń sùn báyìí. Ẹ lọ wá a níbẹ̀.