Fáànù Tí Ibà Ń Ṣe Nínú Píjò

Kúnbi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Kétu, báwo ni ọkọ rẹ Felix, báwo sì ni ọmọ tuntun tí a kò tíì fojú rí? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí yóò ba ayọ̀ náà jẹ́. Àlàáfíà la wà nílé, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń ro ó láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àti ewúrẹ́ tó jẹ ìwé orin mi.

Fáànù tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí a dè é mọ́ Píjò mi àtijọ́ kí gíláàsì iwájú má baà máa ṣú bí ìkùukùu lójú òjò, kí n lè rí ọ̀nà gbé ìyá rẹ wá wẹ ọmọ. Muideen ríwáyà fa wáyà rẹ̀ tààrà láti orí bátìrì, ó ní kò nílò kọ́kọ́rọ́, ìgbàkígbà tó bá wù mí ni mo lè tàn án. Inú mi dùn, mo ní èmi náà ti di ẹni tó ń jẹ afẹ́fẹ́ nínú mọ́tò.

Kúnbi, wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ẹni tó tà á fún ọ ti yọ òtútù inú rẹ̀, ó ti lọ tà á lọ́tọ̀, ooru nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo ti pe Alàgbà Elkanah pé kó wá gbatẹ́gùn lẹ́yìn ìsìn, tòun ti kóòtù lọ́rùn, a sì yí gbogbo gíláàsì sókè kí atẹ́gùn má baà ṣòfò. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò wá. Alàgbà ní ìkìlọ̀ ọ̀run ni, ó sáré jáde, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dá àdá mi tó yá lọ́dún tó kọjá padà. Mo ní kí Muideen dojú fáànù náà kọ ibòmíràn, mo tún fún un ní ìsinmi, síbẹ̀ ibà ò kúrò lára rẹ̀.

Òjò ló lé ìyá rẹ wọ inú mọ́tò lọ́jọ́ kan. Ó tan fáànù aláìsàn yìí, ó na ẹsẹ̀ sí i. Nígbà tó jáde, ó ká orúnkún, ó tún nà án, ó ní kò dun òun mọ́ bíi tàná. Láti ọjọ́ náà, mi ò ní mọ́tò mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, bí mo bá ní kó ṣílẹ̀kùn fún mi, á ní òtútù á wọlé. Àwọn ìyá ìjọ náà ń wá na orúnkún síwájú fáànù. Láàárọ̀ yìí tí mo wá fẹ́ gbé ìyá rẹ bọ̀ ní Kétu, Píjò ò dáhùn. Fáànù ti mu bátìrì gbẹ.

Mo rò pé yóò sunkún. Rárá o. Ó ti kó ọṣẹ dúdú, àdí àti kànrìnkàn sínú báàgì, ó ní ẹsẹ̀ òun ni òun máa fi rìn dé títì, pé kí n tètè parí lẹ́tà yìí kí lọ́rì ata tó ń lọ Mile 12 nítòsí yín má baà fi òun sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú lẹ́tà náà bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó bátìrì tuntun ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi í gba báńkì. Owó tuntun lẹ fi síbẹ̀ nígbà kan, èyí tó ti gbó ni wọ́n kó fún mi. Kúnbi, mi ò tíì dá sun ilé yìí rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà, ẹ̀yin náà ò ní fi í sílẹ̀ lọ láìtọ́jọ́. Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ tó, kí ẹ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ wá gbé ìyàwó mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Enoch.