Ṣé Agbẹ̀bí Náà Gúnlẹ̀?

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ọlálẹ́yẹ,
                                        Bódìjà, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1996.

Sẹ̀gilọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣèyífúnmi ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń dá rìn àbí ó ṣì ń di ẹsẹ̀ àga mú? Ìlọrin ńkọ́, ṣé ooru ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Ara èmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mò ń kà, kí ni mo sì fi ń gbádùn ara mi láti ìgbà tí mo ti padà sílé wá tọ́jú Bàbá. Mo gbádùn ohun púpọ̀, gbogbo wọn ló sì ń já mi kulẹ̀. Ìwé àwòrán aláwàdà tí mò ń rà ní Dùgbẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ọlọ́pàá inú rẹ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níbi tó ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè, gbogbo ìgbà tí mo bá sì débẹ̀, oníwèé-ìròyìn á ní tuntun ò tíì dé. Ti gémù àgbélọ́wọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rà wá láti Èkó tún burú jù. Bíríkì ni yóò máa já bọ́ látòkè tí wàá máa tò wọ́n. Bí o bá ṣe mọ̀ ọ́n tò tó ni yóò máa yára sí i, títí yóò fi borí rẹ. Irú eré wo nìyẹn? Síbẹ̀, mo ti lo bátìrì rédíò Bàbá tán lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ Àmúdàtù ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. O rántí Àmúdàtù tó ń háyà ìwé fún wa lábẹ́ agboòrùn ní Àgbowó, nígbà tí a wà ní yunifásítì. Nítorí àwọn tó ń gbé ìwé rẹ̀ sá lọ, ó máa ń gé ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, á kó o sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ àga rẹ̀. Bí o ò bá dá ìwé padà, o ò ní rí òpin kà. Bí o bá sì dá a padà, orí ìdúró ni wàá ti kà á, níwájú rẹ̀.

Ìwé agbẹ̀bí tó fẹ́ kọjá odò nígbà ìkún omi ni, èyí tí ìwọ náà kà ní ọdún ìkẹyìn wa. Mo ń kà á sí Bàbá létí láràárọ̀, torí ojú wọn ò gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́. Sẹ̀gi, ìwé náà dùn! Ẹni tó kọ ọ́ kì í pariwo. Á kàn sọ fún ọ pé obìnrin náà tú gèlè rẹ̀, ó fi di ihò ọkọ̀, àyà rẹ á sì já. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé àwọn yóò la inú Bàbá ni Bàbá kì í ti í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìwé yìí ló jẹ́ kí wọ́n tún máa jókòó dè mí. A ṣe àdéhùn pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ kà á ṣáájú ẹnì kejì.

Àdéhùn yẹn ló kó bá mi. Ní Sátidé, mo lọ bẹ Àmúdàtù kó fi ọjọ́ mélòó kan kún un fún mi. Ó ní òun fẹ́ gba ìwé òun, ló bá na ewé òpin sí mi kí n kà á níbẹ̀. Mo ní rárá, ó ku orí kan tí mi ò tíì kà fún Bàbá. Mo gbé ìwé náà padà sílé bí olóòótọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àwọn tó ń tú ìsọ̀ ká lójú títì dé. Wọn ò fọwọ́ kan ìwé kankan. Agolo ni wọ́n gbé lọ! Wọ́n rí i pé Àmúdàtù kì í kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n sì rò pé owó ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, ó jókòó ti òkìtì ìwé tí kò ní òpin, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ mú òmíì." Òmíì kẹ̀! Mo jágbe mọ́ ọn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun ló pàdánù jù, ojú sì ti ń tì mí báyìí.

Ibi tí ìwé wa dúró sí nìyí: ọkọ̀ ti dojú dé, ọkọ agbẹ̀bí dúró létí odò pẹ̀lú àtùpà, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Láti àná, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń béèrè: "Ṣé ó gúnlẹ̀?" Mo gbìyànjú láti hun òpin kan fúnra mi. Mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tí wọ́n fi dá mi dúró: "Fọláyọ̀, ẹni tó kọ ìwé yẹn kì í sọ̀rọ̀ báyẹn." Tíṣà bíi Bàbá kì í fẹ̀yìn tì ní ti tòótọ́! Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Bàbá ní òun ò wọ yàrá yẹn láìmọ̀ bóyá agbẹ̀bí gúnlẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì.

Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ka ewé yẹn. Jọ̀ọ́, Sẹ̀gi, kọ ohun tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́. Sùlàímọ́nù, awakọ̀ gáréèjì Òjóò tó mú lẹ́tà yìí wá, ń padà bọ̀ ní Sátidé. Fún un kó mú un bọ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbé Ṣèyífúnmi jó fún mi. Bàbá ní kí n kí ọ dáadáa.

Mo rántí ọjọ́ tí o ka òpin ìwé náà. O fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, o ní eruku Àgbowó ni, o sì kọ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ eruku lóòótọ́, kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí kì í bá ṣe eruku, kọ òótọ́ sí bébà ọ̀tọ̀ fún èmi nìkan. Nínú èyí tí màá kà sí Bàbá létí, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ó gúnlẹ̀. Má sì pariwo níbẹ̀, etí wọn mú.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí ọkọ̀ Ìlọrin,
                                        Fọláyọ̀.