Má Sé Èémí Rẹ Lábẹ́ Omi

Ẹyinjú mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ẹ lórí ìjókòó, má wulẹ̀ dìde. Bí ó bá sì bá ẹ nínú omi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ jáde kí o nu ọwọ́ rẹ gbẹ, nítorí bírò tí mo fi kọ ọ́ máa ń ṣàn. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ẹni tó ń ṣọ́ ẹja tí ẹja kò fi rì yóò máa ṣọ́ ìwọ náà. Àwa ń bẹ láàyè. Bàbá rẹ wà níwájú ilé, wọ́n ń lẹ táyà. Ìyá aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ní kí n kí ẹ, ó tún ní kí n bi ẹ́ pé ta ló rán aṣọ rọ́bà tí o wọ̀ nínú fótó tí o fi ránṣẹ́, torí òun wò ó títí, òun ò rí ojú okùn kankan, ó sì fún ju ohun tí ọmọlúàbí ń wọ̀ lọ. Mo ní aṣọ iṣẹ́ ni. Ó ní iṣẹ́ wo.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o fẹ́ fi ìsinmi rẹ lọ sí erékùṣù tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, mo dúpẹ́, mo ní ọmọ mi fẹ́ lọ jókòó sinmi. Àfìgbà tí o fi kún un pé ìsàlẹ̀ omi gan-an lò ń lọ, pé o máa gbé sìlíńdà pọ̀n sẹ́yìn kí o lè máa mí. Sìlíńdà tí èmi mọ̀ ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mi, ni mo bá bi bàbá rẹ pé ṣé àwọn ọmọ yìí máa dáná nísàlẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà fi gba táyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ lásán ni, irú èyí tí àwọn ń fẹ́ sí táyà, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń da mí láàmú pé kí n bi ẹ́ pé mélòó ni gééjì rẹ̀ ń kà. Jọ̀ọ́, fèsì fún wọn kí n lè gbádùn.

Ìwé ẹ̀kọ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo ti kà á tán, o mọ̀ pé èmi náà jókòó ní kíláàsì àṣekágbá kí o tó dé bá mi nínú ikùn. Àwọn tó kọ ọ́ ní làákàyè. Wọ́n ní ẹni tó bá ti inú òkun jáde gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo sì rí i pé wọ́n ro ti irun, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú irun tútù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ omi, pé méjì-méjì ni, àti pé bí afẹ́fẹ́ ẹnì kan bá tán, á mí nínú ti ẹnìkejì. Èyí dára, àmọ́ ta ni ẹnìkejì tìrẹ? Ṣé onírùngbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú fótó ni? Ẹni tí èèyàn bá bá pín afẹ́fẹ́, kò ní ohun tí kò lè bá a pín mọ́. Bi í bóyá ó níyàwó. Wọ́n tún ní ẹ máa so kọ̀ǹpútà mọ́ ọwọ́, inú mi sì dùn sí i gan-an, fi nọ́ńbà mi sínú rẹ̀ kí n lè máa pè ẹ́ tí o bá ti débẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìnṣọ́ráǹsì. Ìwé wọn ní bí nǹkan kan bá ṣe ẹ́, ibi yòówù kí o wà, àwọn á gbé ẹ délé. Ọmọ mi, ó ti di ọdún méjì tí o ti wálé kẹ́yìn. Ṣé wọn ò lè gbé ẹ wá nísinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan tó ṣe ẹ́?

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ìlera tí o fi ránṣẹ́ sí mi nínú àpòòwé ló kàn. Mo rí i pé o kọ orúkọ mi síbi ẹni tí wọ́n máa ké sí bí wàhálà bá dé. Mo gbà, àmọ́ o ò bi mí bóyá mo mọ omi í wẹ̀. Kí wọ́n má bàa ké sí mi kí n máa wòran létí òkun, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń pọn omi sínú báàfù ìfọṣọ, tí mò ń ki orí bọ̀ ọ́, tí ìyá aránṣọ ń bá mi ka iye. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo dé mẹ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ti dé ọgbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura pé ó ń fo nọ́ńbà láti fi mú inú mi dùn. Ìgbà tí mo wá ka ìwé rẹ dé òpin ni mo rí i tí wọ́n fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ pé òfin àkọ́kọ́ lábẹ́ omi ni pé kí èèyàn má ṣe sé èémí rárá. Gbogbo omi tí mo ti mu lásán.

Mo bi bàbá rẹ ìdí rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní omi wúwo, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, bí èèyàn bá wá ń gòkè, omi ń fúyẹ́ lórí ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà láyà ẹ̀ á máa wú, tó bá pa ẹnu dé, á bẹ́ bíi túbù. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyà tó ń dí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà wò ó. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n wá ń wò mí.

O ní kí n bá ẹ kọ ojú ewé tó kan ìgbà èwe rẹ, pé kí n sáà kọ Rárá síwájú gbogbo ẹ̀. Mo kọ Rárá mẹ́ta. Ìbéèrè kẹrin ní ṣé o ti ní ikọ́ fée rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ní kékeré.

Ẹyinjú mi, o ní in. Èyí tí mo máa ń sọ fún ẹ pé eruku ni, kì í ṣe eruku. Ẹni ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mí nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn ọmọ iléèwé má lọ sọ ẹ́ lórúkọ ẹ̀sín, kí tíṣà má yọ ẹ́ nínú eré sísá tí o fẹ́ràn. Ìgbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ṣe ẹ́ kẹ́yìn, mo wá fọwọ́ bò ó. Ike búlúù kékeré tí mo máa ń fín sí ẹ lẹ́nu ṣì wà nínú agolo abẹ́rẹ́ mi títí di òní. Bàbá rẹ mọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ni.

Mo ti kọ Bẹ́ẹ̀ ni. Bírò ni mo fi kọ ọ́, má wulẹ̀ wá ohun tí wàá fi pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé o máa bínú, pé wọ́n lè ní kí o dúró, pé o ti sanwó ọkọ̀. Bínú sí mi lórí ilẹ̀ níbí, mo lè bẹ ẹ́ lórí ilẹ̀. Gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa omi, kó gbọ́ àyà rẹ dáadáa. Bó bá ní kí o lọ, lọ, kí o bá mi kí ẹja. Bó bá ní rárá, jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kí onírùngbọ̀n lọ bá ẹ wò ó, kó wá ròyìn.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, torí èmi ni mo mọ iye ìgbà tó dì ẹ́ láyà àti bó ṣe máa ń dún, ìwọ sùn lọ lẹ́yìn mi nígbà náà ni. Bó bá sì ṣẹ́kù, kó jẹ́ ti báàfù tuntun, tàwa ti sán.

Ibi tí o bá lọ, wàá bọ̀. Bí o bá lọ sísàlẹ̀, òkè á gbà ẹ́ padà, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Omi kò ní mọ̀ ẹ́ lọ́tàá, afẹ́fẹ́ kò ní tán fún ẹ. Má sì sé èémí rẹ. Èmi ti sé tèmi fún ọdún mẹ́tàlá, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ẹni tí wọ́n máa ké sí.