Wọ́n Fẹ́ Fi Ìkíni Mi Gba Ilẹ̀ Onílẹ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí tí Uncle mi bá rí èyí, ilé ò ní gbà wá. Mo nílò ìmọ̀ràn, mi ò sì lẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́ ní church wa ní Norcross, gbogbo wọn ló mọ̀ wá... Orí mi ti dàrú pátápátá.

Àbúrò bàbá mi ni Uncle yìí. Òun ló rán mi nílé ìwé nígbà tí bàbá mi kú, òun ló mú mi wá sí Atlanta, basement ilé ẹ̀ ní Dacula ni mò ń gbé títí dòní. Lọ́yà ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún company kan tó ń wa góòlù, òun náà ló bá mi wáṣẹ́ síbẹ̀. Kí n má parọ́, bàbá ni mo fi ṣe.

Company yìí fẹ́ la ọ̀nà gba inú igbó kan ní Canada, ilẹ̀ àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Lọ́dún tó kọjá, Uncle ní kí n lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí n kàn lọ kí wọn ni o, kí n má dárúkọ ọ̀nà rárá, ó ní èmi ni mo mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àwọn òyìnbó office ò mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo, mo ra tíì, mo ra ṣúgà, mo ra blanket tó nípọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn... wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á, wọ́n fún mi lẹ́ja jẹ. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá àgbà tó gbà mí sílé, Grandma ni gbogbo wọn ń pè é, ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní Aboriginal rights fún mi. Ó ní ẹ̀tọ́ àwọn kì í ṣe ohun tí ìjọba fi ta àwọn lọ́rẹ, ó ti wà kí ìjọba tó dé, òfin ìpìlẹ̀ Canada kàn gbà pé ó wà ni, òun àti àdéhùn tí àwọn bàbá ńlá àwọn bá ìjọba ṣe. Ó ní ti gbogbo àwọn ni, kò sẹ́ni tó lè dá a tà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, ìjọba tàbí ẹni tí ìjọba rán gbọ́dọ̀ wá jókòó, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe gan-an, kó gbọ́ tẹnu àwọn, kó sì ṣe àtúnṣe tó bá yẹ. Mo ní Grandma, bí ilẹ̀ ẹbí ṣe rí nílé wa náà nìyẹn.

Àṣé Uncle mọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù pé ẹnikẹ́ni ò bá àwọn sọ nǹkan kan kí katakata tó wọ igbó àwọn, ṣé ẹ mọ èsì tí company fún adájọ́? Wọ́n ní àwọn rán èèyàn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Pé ẹni náà bá àwọn àgbà jẹ, ó bá wọn mu, ó kó ẹ̀bùn fún wọn, wọ́n sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Èmi ni o. Tíì àti ṣúgà tí mo fi kí ìyá arúgbó ni wọ́n ní ó jẹ́ ìjíròrò lórí ilẹ̀ ìran wọn. Ọmọ-ọmọ Grandma ló pè mí níbi iṣẹ́, tó ń sunkún, tó ń bi mí pé ṣé torí ẹ̀ ni mo ṣe wá.

Mo lọ bá Uncle ní garage. Mo rò pé á ní àṣìṣe ni. Ó ń nu mọ́tò ẹ̀, kò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní ṣé mi ò lọ ni? Ṣé mi ò bá wọn jẹun ni? Ó ní kí n wá búra fún kóòtù ní Thursday pé mo bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọn ò sì sọ pé àwọn ò fẹ́. Ọ̀nà tí òun fúnra ẹ̀ ní kí n má dárúkọ... Wọ́n máa ń ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán òun ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi kọ́ mi ni ọkùnrin yìí gbé lọ sí kóòtù. Ó dùn mí wọra.

Mo pe ìyá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní lóòótọ́ Uncle ò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè gba ìwé lọ́yà lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló máa wá san school fees àwọn àbúrò mi? Wọ́n ní ṣé torí àwọn àjèjì ni mo ṣe fẹ́ ba ayé ẹni tó tọ́ mi jẹ́?

Àná ni mo fi ìgboyà pe Grandma fúnra ẹ̀. Mo rò pé á ṣépè fún mi. Kò bú mi rárá. Ó ní ilé òun ṣì wà ní ṣíṣí fún mi, ṣùgbọ́n tí mo bá tún ń bọ̀, kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán mi kí n tó wọlé. Mo sunkún débi pé mi ò lè lọ síbi iṣẹ́ lónìí.

Thursday ti dé tán. Tí mo bá búra, mo ti fẹnu mi ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Tí mi ò bá búra, kí n yáa palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kúrò ní Dacula, ìyá mi á sì ní mo tú ẹbí ká. Ṣé kí n lọ jẹ́rìí fún Grandma ni? Àbí kí n kàn sá? Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà má kọ pé kí n lọ gbàdúrà sí i, torí ní church wa, Uncle ló ń darí àdúrà.