Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá ti Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń sọ irú rẹ̀ fún òkú, àmọ́ ó ti pé oṣù méje tí mo ti ń gbé e mì, kò sì lọ sílẹ̀. Torí náà mo jókòó sórí àga yín níwájú ilé wa ní Pedro, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó ṣẹ́kù láti ilé ìtẹ̀wé yín.

Mi ò ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ẹ mọ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bariga ni mo ti ń nu ilẹ̀, tí mo ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mo ń pa kòkòrò àrùn lára bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn bá ti kúrò. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ pé ọgọ́ta ọdún, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ìwé ètò ìdúpẹ́, ẹ sì kọ “Nọ́ọ̀sì” síwájú orúkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi bírò pupa wá àṣìṣe nínú ìwé ètò ìsìn nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́! Wọ́n pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Palmgrove, mo dìde, mo tẹrí ba. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ìjọ ti ń bi mí léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ló burú nínú iṣẹ́ mi gan-an? Ṣé mo jalè ni?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, torí ẹ ò bèèrè rí. Ọṣẹ àti omi la kọ́kọ́ ń lò. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá wà lára nǹkan, ṣe ló máa ń gba agbára lọ́wọ́ bílíìṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó wá fi bílíìṣì tí a pò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nù ún: rọ́bà tó bo mátírẹ́ẹ̀sì, irin bẹ́ẹ̀dì, títí dé ibi tí aláìsàn ń dì mú. Ibi tó le rèé: a ó fi í sílẹ̀ ní tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún gbẹ. Òórùn bílíìṣì nìkan kì í pa nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín wọlé níbi iṣẹ́ mi fún iṣẹ́ abẹ hẹ́níà, bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni wọ́n fún yín. Ọkùnrin kan tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ bẹ́ẹ̀dì náà, mo ti fi bílíìṣì nù ún, ẹ̀yin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga, ẹ ń wo ojú fèrèsé. Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn àwọn díákónì ẹlẹgbẹ́ yín lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wo mí, ẹ wo bákẹ́ẹ̀tì, ẹ wo mọ́ọ̀pù. Ẹ wá ju ọwọ́ sí mi pé kí n máa lọ, bí ẹni ń lé adìẹ.

Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fa aṣọ gbígbẹ yọ, mo nù ún gbẹ kíá, mo tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lé e, mo sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí ojú má baà tì yín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín àti tiwọn bí mo ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú iṣẹ́ abẹ wú, ó gbóná, ó ń yọ ọyún. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni? Ṣé irinṣẹ́ wọn ni? Ṣé ọwọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ báńdéèjì ni? Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ti ní kí n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tuntun báyìí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ní sùúrù tó mi. Mo máa ń dúró ti bẹ́ẹ̀dì títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá á fi pé, bí dókítà tilẹ̀ ń pariwo.

Mo fẹ́ràn yín, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń di etí ìwé tí ẹ bá gé kúrò ní ilé ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú pọ̀, ẹ ó gbé e wálé kí n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Nígbà yẹn, orúkọ mi nìkan tó yín.

Ó ku Màámi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín ni wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún nínú àdúrà òwúrọ̀. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún wọn pé ó lè má jẹ́ ẹ̀bi dókítà. Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọn á bi mí pé ẹ̀bi ta wá ni, mo sì ti ṣe tán láti sọ. Wọn ò bi mí. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n yí àdúrà náà padà: “Olúwa, ọwọ́ yòówù kó ṣe é, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi láyé.” Wọ́n wá ń dúró de àmín mi. Àwa méjì péré la wà lórí ẹní, Bàbá. Mo ṣe àmín. Wọ́n ní mi ò ṣe é sókè tó. Mo tún un ṣe.

Ẹ sùn re. Mo ṣì fẹ́ràn yín.

Ọmọ yín obìnrin