Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ́ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òpópó Ọjà?

Ọjọ́ Ajé, 2 Fẹ́búárì 1959

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú lónìí. Ọláwálé akọ̀wé dìde, ó ní a fẹ́ fi orúkọ ènìyàn pe Òpópó Ọjà, kí Mọ́níyà náà lè jọ ìlú. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ ni wọn yóò lò. Ẹ̀rín pa mí. Ta tún ni? Èmi Hezekiah Àkànbí, bíríkìlà, tí mo dé ìlú yìí pẹ̀lú ìrẹ́lé kan àti ṣòkòtò kan. Ilé mẹ́tàlélógún ló wà ní òpópó yẹn, ọwọ́ mi ló kọ́ mọ́kànlá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tèmi parí ní 1934. Nígbà náà, igi àgbọn nìkan ló ga jù ú lọ.

Mo sọ fún Leah ìyàwó mi pé kó máa múra. Ó ní, "Bàbá Olúfúnmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ná kí ẹ tó dáhùn."

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Tísà Olúyínká dé, òun ni ẹgbẹ́ ní kó kọ ìtàn àwọn ilé náà. Gègé ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí gègé kì í kúrò létí rẹ̀. Mo mú un rìn láti ìdí ọsàn dé ẹnu ọjà. Ilé Ìyá Aláṣọ – alámọ̀ ni, èmi ni mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, láti ogún ọdún kò là. Ṣọ́ọ̀bù Akínwándé, tí òpó rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín – ta ló lọ́ ọ? Èmi. Ilé Àrẹ̀mú, fèrèsé méje níwájú torí ìyàwó méje. Ìyàwó kan ti lọ, fèrèsé ṣì wà. Gègé ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ. Inú mi dùn.

A dé iwájú ilé Sàníù oníkòkó – Àpò Kòkó, bí mo ṣe máa ń pè é. Gègé gbójú sókè. Nọ́ńbà sìmẹ́ǹtì wà níwájú ilé náà, gbàgàdà: 1931. Ó ní, "Bàbá, tiyín ńkọ́?" Mo ní kìnnìún ló wà níwájú ilé tèmi. Ó ní, "Kìnnìún ò sọ ọdún, sà."

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

1931! Ọbẹ̀ ò dùn lẹ́nu mi. Leah ní iyọ̀ ò kéré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì

Kí n kọ òótọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Èmi ni mo kọ 1931 yẹn. Ọwọ́ ara mi.

1936 ni mo kọ́ ilé Sàníù, ọdún méjì lẹ́yìn tèmi. Gbogbo onílé ló ń fi ọdún sí iwájú ilé nígbà yẹn. Nígbà tí mo rẹ́ ilé rẹ̀ tán, ó fi ẹfun kọ nǹkan sára àpò kòkó, ó ní kí n gbé e lọ sókè bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀wé rárá – ewú ti wà lórí mi kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Mo wo àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rò pé nọ́ńbà ìwọ̀n kòkó rẹ̀ ni. Mo gbé e bó ṣe rí. Ó sì dára!

Ìdí tí tèmi ò fi ní ọdún náà nìyẹn. Mi ò lè kọ ọ́, mi ò sì lè bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń pàṣẹ fún lébírà mẹ́wàá? Mo fi kìnnìún síbẹ̀.

Mo lọ sọ fún Gègé pé èmi ni mo kọ́ méjèèjì, tèmi ló ṣáájú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, gbogbo onílé ló ń sọ pé tòun ló ṣáájú. Ohun tó wà lára ògiri ni mo lè kọ." Mo ní ta ló mọ ògiri ọ̀hún? Ó kàn ń tẹrí ba. Ọmọ tí mo rẹ́ ilé bàbá rẹ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Mo gbé àkàbà. Mo po sìmẹ́ǹtì. Mo gbé 1934 sábẹ́ kìnnìún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá. Láti ibí dé Ọ̀yọ́, kò sí bíríkìlà tó lè ṣe irú rẹ̀, kí á má tíì sọ ti ọjọ́ orí mi. Leah di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá Olúfúnmi, arúgbó lẹ ń kọlà fún yìí o." Mo ń rẹ́ ẹ lọ.

Ọjọ́rú, 11 Fẹ́búárì

Ó funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Fẹ́búárì

Ìwàásù òní: àwọn tó ń wá ìjókòó iwájú. Leah ń wò mí. Mo ń wo páànù ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́bọ̀, 19 Fẹ́búárì

Mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bá Sàníù. Láti ọjọ́ tó ti ní bákónì òun ga ju tèmi lọ ni mi ò ti wọ ilé rẹ̀, bí ọdún mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Àkànbí! Ṣé ilé mi ló fẹ́ wó lo wá?" Mo ní ilé tí mo bá kọ́ kì í wó.

Mo béèrè 1931. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Ìwọ gan-an lo kọ ọ́! O ò kà á ni?" Mo tẹjú mọ́ ìka ẹsẹ̀ mi. Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọdún tí ìyá òun kú ni. Ibi tí ilé náà wà gan-an ni ìyá rẹ̀ ti ń ta obì lábẹ́ àtíbàbà. "Mi ò ní fọ́tò rẹ̀, Àkànbí. Mi ò ní nǹkan kan. Mo ní kí n fi ọdún rẹ̀ sókè, kí òjò má lè pa á rẹ́."

Ó dìde, ó di èjìká mi mú, a lọ sọ́dọ̀ Gègé. Ó sọ ọ́ tẹnu rẹ̀: "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àkànbí ló ṣáájú tèmi." Gègé kọ ọ́. Mo rí i tó kọ ọ́, mo sì kà á.

Ọjọ́ Ajé, 23 Fẹ́búárì

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá fojú ara wọn wo ilé. Gègé ka ọ̀rọ̀ Sàníù fún wọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbà. Ọláwálé bá ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó gùn ún, ó fi ìka ra 1934, ìka rẹ̀ funfun. Ó nà án sí wọn. "Ẹni tó ṣáájú, kí ló dé tó fi di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kó tó rántí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ọ̀rẹ́ ni àgbà méjèèjì, wọ́n ti jọ dì í ni. Gègé ń wo ilẹ̀.

Òpópó Sàníù.

Ká ní mi ò gun àkàbà lọ́jọ́ yẹn! Sìmẹ́ǹtì tí mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi ló jẹ́rìí lòdì sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Ọláwálé yìí ò nítìjú. Ó wá ní wọ́n fẹ́ òpó sìmẹ́ǹtì tí wọn yóò gbé orúkọ sí, ó ní gbogbo ìlú sọ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tèmi. Mo lé e jáde. Leah ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí Jìmí bá wọn ṣe é." Jìmí! Jìmí tí ògiri rẹ̀ ń là kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ! Ní òpópó tí mo kọ́?

Mo ní kí wọ́n pe Ọláwálé padà.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Mo da òpó náà lónìí. Sàníù gbé àga wá, ó jókòó tì mí. Nígbà tó kan ibi orúkọ, tí sìmẹ́ǹtì ṣì rọ̀, ó sún mọ́ mi. "Àkànbí, kọ tìẹ. Mi ò ríran, mi ò ní mọ̀." Mo ní, "O ò ríran, ṣé o ò ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kà á ni?" Ó ní, "Màá ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí." Ìrẹ́lé wà lọ́wọ́ mi. Mo tún ojú sìmẹ́ǹtì náà rẹ́.

Mo kọ ÒPÓPÓ SÀNÍÙ. Nígbà àkọ́kọ́ mo kọ tirẹ̀ láìmọ ohun tí mo ń kọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ ọ́n.

Ní ìdí òpó, mo fi ìka kọ 1959. Ọdún tí a dà á gan-an.

Wọ́n ní kí n ha 1934 kúrò lábẹ́ kìnnìún. Mi ò ní ha á. Òótọ́ ni. Òjò ọdún yìí á rọ̀ sí i, ti ọdún tó ń bọ̀ á rọ̀ sí i, èéhù á bò ó, yóò dúdú bíi ti Sàníù. Àwọn tí a ò tíì bí á wá fi gègé létí dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lára ògiri ni wọ́n máa kọ.