Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́ Tí O Gbá Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Kó O Tó Gbá Bọ́ọ̀lù

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Bí lẹ́tà yìí ṣe ń kúrò lọ́wọ́ mi, kí ire kó sí ọ lọ́wọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá rẹ wà, maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wà, àbúrò rẹ obìnrin náà wà, ó sì ti di ọ̀gá lé gbogbo wa lórí láti ọjọ́ tó ti ra fóònù. Má bínú pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí rí gàgàrà báyìí, pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sórí pákó ni mo fi kọ ọ́, mo sì ń fi rúlà tẹ́ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa gun orí ara wọn. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ ojú mi ni kí n kọ́kọ́ sọ. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ tìẹ ló kọ́kọ́, torí ojú tèmi ò níbi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú tìẹ ti dé ìta.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò rẹ gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní o fi fídíò ránṣẹ́ láti ibi ìdíje gọ́ọ̀fù tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe, pé o ní kí bàbá wò ó. Inú mi dùn. Mo gbé ayùn sílẹ̀, mo nu ọwọ́, mo pe onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì, mo pe tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá gba àga rẹ̀ tó kán lẹ́sẹ̀, gbogbo wa wá dorí kodò lórí fóònù. Mo rí ọ. O dé fìlà, o wọ ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan, mo sì gbà pé owó ìkejì ni kò tíì pé. O dúró lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bíi orí ọmọ tuntun, o di ọ̀pá mú, o tẹ̀ ba, o fì í, kò ba nǹkan kan. O tún fì í, kò ba nǹkan kan. O fì í lẹ́ẹ̀kẹta, pàbó ni. Ọmọ mi, ojú tì mí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo kígbe sínú fóònù pé kó o gbá a jàre, kó o má wo ojú ẹnikẹ́ni, bóyá o gbọ́ mi, bóyá o ò gbọ́, o ṣáà tún fì í, àwọn tó dúró tì ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo mọ irú àtẹ́wọ́ yẹn. Òun ni wọ́n máa ń pa fún ọmọ ilé ìwé tó bá gbàgbé ewì tó fẹ́ kà.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí àbúrò rẹ tún fóònù náà tẹ̀, mo rò pé ó ti yé ọ nígbà yẹn, àfi bó o ṣe tún ṣe ohun kan náà. Mo fún ọ láyè títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún wò ó, o ò yí i padà. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tó ń ṣi nǹkan kan náà ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta léra wọn, ojú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n tètè wá awò ojú fún un. Ìyá rẹ wò mí, ó wò mí títí, ó ní ojú ta ni.

Tíṣà ló là mí lóye. Ó ní kì í ṣe pé o tàsé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ gbá afẹ́fẹ́, pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń ṣe tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ihò, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀pá dánra wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè mọ ìwọ̀n agbára tí wọ́n máa lò. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹrin lo wá gbá a, ó sì wọlé. Mo ní kí ló wọlé. Ó ní bọ́ọ̀lù. Mo ní bọ́ọ̀lù wo, mi ò rí bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbójú sílẹ̀.

O máa rò pé inú mi rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló túbọ̀ ru. Ogójì ọdún ni mo ti ń kan ìṣó, mi ò fi òòlù na afẹ́fẹ́ rí kí n tó kàn án. Tí oníbàárà bá bá mi níbi tí mo ti ń gbé òòlù lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, á rọra gbé pákó rẹ̀, á sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, kó ṣe é, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ dánra wò nílé, kó sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Tíṣà ní ìṣó kì í yí, pé bọ́ọ̀lù ló ń yí. Onígbàjámọ̀ ní òun náà, kí òun tó fi klípà kan orí ẹnikẹ́ni, òun á kọ́kọ́ fì í kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìgé irun kankan, kí ọwọ́ òun lè jí. Mo ní abájọ tí àyà mi fi máa ń já lórí àga rẹ̀. Mo wá yíjú sí ìyá rẹ pé kó gbè mí lẹ́yìn, ìyá rẹ ní òun kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí tọ ojú ìlà rẹ̀ lófìfo, torí aṣọ tí òun bá ti gé, òun ò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Bí wọ́n ṣe gbìmọ̀ pọ̀ lé mi lórí nìyẹn.

Mo ní kò burú, ká lọ yanjú ẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ṣẹ́ kù, mo kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ọn nídìí kó lè di ọ̀pá gọ́ọ̀fù, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Mo gbẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́rin, mo fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. A gbẹ́ ihò, a ki agolo òfìfo bọ inú rẹ̀, èmi fúnra mi sì tẹ́ ilẹ̀ náà. Onígbàjámọ̀ gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Tíṣà gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣe àlàyé tẹ́nikẹ́ni ò bi í, ó gbá a, ó wọlé. Ìyá rẹ gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo ń kùn pé ṣé ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀ ni, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ o, ó gbá a, ó wọlé. Ó wá kàn mí. Mi ò fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún gbàgà, mo sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ ní ìdérí agolo ọ̀dà ni mo gbá, pé bọ́ọ̀lù ṣì wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fọwọ́ tá iyanrìn níwájú gbogbo wọn, mi ò rí i. Tíṣà ló bá mi mú un, ó sì fi í sí mi lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti tú àṣírí mi, nítorí náà kí àbúrò rẹ tó fi àsọdùn sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí dókítà ojú ti sọ pé nǹkan kan bí awọ ti bo ẹyinjú mi òsì, pé tọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé iṣẹ́ abẹ ló máa ká a kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti dá lọ sí ọsibítù. Nígbà àkọ́kọ́, mo dé géètì, mo sọ fún ọlọ́dẹ pé mo kàn wá mọ ọ̀nà ni, mo bá yí padà. Nígbà kejì, mo wọlé, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó bi mí pé ojú wo ni, mo kọ ọ́ pé tèmi. Ó bi mí pé ta ni kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo wá bi nọ́ọ̀sì pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù ló béèrè, kì í ṣe òun. Mo ní ó dáa, kí fọ́ọ̀mù wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo bá dìde. Nígbà kẹta, mo dé inú yàrá gan-an. Wọ́n wọ aṣọ kan fún mi tí télọ̀ rẹ̀ ò rí àyè rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò ju àbúrò rẹ lọ, mo bi í pé ta ló ń bá a pọ́n ọ̀bẹ, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní mo gbàgbé àtè tí mo fi ń lẹ pákó sórí iná ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ yẹn ló sì wà lọ́rùn mi títí mo fi délé. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́, ó sì ti bá wọn rán ẹ̀yìn rẹ̀ pa.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ gbọ́ gbogbo èyí, ó ní a jẹ́ pé èmi náà ti gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ yín lè jóòótọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbá afẹ́fẹ́ kó gbá a, tó bá ṣáà ti máa gbá bọ́ọ̀lù nígbẹ̀yìn. Ìwọ gbá tìẹ. Síbẹ̀ náà, lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún. Ní báyìí, bí nǹkan ṣe rí bàìbàì yìí, mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí ọ nínú fóònù yẹn, mo mọ̀ pé ìwọ ni torí pé bí bàbá mi ṣe máa ń dúró lo ṣe dúró. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tó wá bàjẹ́ pátápátá ńkọ́? Dókítà ní kò ní bàjẹ́, àti pé tí mi ò bá ṣe é ló máa bàjẹ́. Ó ti fún mi ní Ọjọ́bọ̀ tó máa parí oṣù yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ní tí mo bá tún sá, òun á gbé àyè mi fún ẹlòmíràn, ó sì di ọdún tó ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Má fi í gba báńkì, torí ẹ̀rọ ara ògiri wọn ti gbé káàdì mi mì. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sí i létí ketekete lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ àlọ sí ọsibítù ni kó o fi ránṣẹ́, tèmi àti ti ìyá rẹ, má fi owó àbọ̀ kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sá yẹn, owó àbọ̀ tó wà lápò mi ló ń gbé mi sá. Ìyá rẹ náà ti ṣèlérí pé òun ò ní mú kọ́bọ̀ dání. Owó àbọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní ṣòfò, o ò ní ṣàárẹ̀, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ojú rẹ ò ní ríbi, ojú tèmi á sì rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.